Ẹ Mọ Kòkòrò Tó Wà Nílé Tuntun Yín Kí Ẹ Tó Sanwó fún Ẹni Tó Fẹ́ Fín In

Kò sí ayọ̀ tó dà bíi kí èèyàn kó wọ ilé tuntun. Ì báà jẹ́ èyí tó fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́, ì báà jẹ́ èyí tó sanwó rẹ̀ fún onílé, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀, tẹbí tọ̀rẹ́ yóò sì máa ṣàdúrà pé kí ilé náà tura. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹrù kò ní í tíì tán nínú ọkọ̀ tí ẹnì kan yóò fi yọ dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí yóò ní ilé tuntun kò ṣeé sùn bí òun kò bá kọ́kọ́ fín oògùn sí i. Bí ẹ bá bi í pé kí ló fẹ́ fi oògùn náà pa, yóò ní gbogbo kòkòrò ni. Owó tí yóò sì pè kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ "gbogbo kòkòrò" yìí ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé gbogbo ilé tuntun ló yẹ ká pe ẹni tó ń fín oògùn sí? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé a wá lè sọ pé kò sí ilé tuntun tó yẹ ká pè é sí ni? Ìyẹn náà kọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kòkòrò kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó gbé e wá àti ohun tó lè lé e lọ. Ẹni tí kò bá tíì mọ èyí tó wà nílé rẹ̀, àsìkò àtisanwó oògùn kò tíì tó fún un.

Ìlú Kumasi ní ilẹ̀ Ghana ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìlú náà kò ṣàjèjì sí wa. Kí ìjọba Kofi Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí àti àwọn ìlú wa mìíràn ti ń ṣòwò ní Ghana láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn kan sì kọ́lé síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fi ohun tí wọ́n fi ọdún gbọọrọ kó jọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Lónìí, Yorùbá ṣì wà ní Kumasi, àwọn mìíràn sì tún ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún láti ṣòwò tàbí láti kàwé. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ti pàdánù ilé rí kò ní í fi ọ̀rọ̀ ilé ṣeré.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ìlú yìí ti kọ́ ẹ̀kọ́ ńlá lórí ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn kan tí eku máa ń gbé kiri, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní plague, bẹ́ sílẹ̀ ní Kumasi, ó sì pa èèyàn púpọ̀. Ara eku ni àrùn náà ń gbé. Kòkòrò tíntìntín tó máa ń fò, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku, ló ń gbé e kiri. Bí eku bá kú, kòkòrò náà yóò fò kúrò lára rẹ̀, yóò sì wá ẹ̀jẹ̀ èèyàn mu. Bí àrùn náà bá wá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, á máa ràn láti ara èèyàn sí èèyàn. Lọ́dún kan náà ló bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀ títí di ọdún 1931.

Àwọn oníṣègùn ìjọba pa eku o, wọn kò fi ìyẹn ṣeré rárá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pa á ni wọ́n rí i pé eku mìíràn ń rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ilé gan-an ló ń pè é. Yàrá tóóró tí atẹ́gùn kò wọ̀, àpò ọkà tí wọ́n tò jọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, pàǹtírí lẹ́yìnkùlé, ihò nídìí ògiri, ibẹ̀ ni eku ń bímọ sí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá ìgbìmọ̀ ìlera sílẹ̀ ní Kumasi ní ọdún 1925 láti bójú tó ìmọ́tótó àti bí wọ́n ṣe ń kọ́lé nínú ìlú. Ní Èkó, ọdún 1928 ni ìjọba dá ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Lagos Executive Development Board sílẹ̀, kí wọ́n lè tún àwọn àdúgbò tí ilé ti fún mọ́ra jù ṣe. Ẹ̀kọ́ tí ìlú méjèèjì kọ́ kò ju ohun tí àwọn bàbá wa ti sọ tipẹ́ lọ: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ẹ rántí àwọn wolé-wolé ayé àtijọ́. Ohun tí ìyá wa kọ́kọ́ ń rí kọ́ ni oògùn. Ojú ni wolé-wolé fi ń ṣiṣẹ́. Yóò ṣí ìdérí ìkòkò omi wò, yóò wo gọ́tà, yóò wo ẹ̀yìn ilé ìdáná, kó tó sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹni tó kó wọ ilé tuntun kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Ẹ di wolé-wolé ara yín fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ tan iná lóru, ẹ wọ ilé ìdáná lójijì. Ẹ yẹ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù wò. Ẹ gun àjà, tàbí kí ẹ rán káfíńtà lọ síbẹ̀. Ẹ rìn yí ògiri ìta ká, kí ẹ sì wolẹ̀ dáadáa. Ohun tí ẹ bá rí ni yóò sọ ẹni tó yẹ kí ẹ pè.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tí oúnjẹ àti omi ń pè wọlé, ìyẹn aáyán, èèrà, eṣinṣin àti eku. Aáyán tí ẹ rí lọ́jọ́ kẹta tí ẹ kó dé lè má jẹ́ ti ilé náà rárá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú páálí tí ẹ kó ìkòkò sí ló bá yín dé. Ẹ tú páálí síta, ẹ má kó o pamọ́ sí abẹ́ ibùsùn. Ẹ fi sìmẹ́ńtì dí àyíká páìpù, ẹ tún ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń jò ṣe, ẹ má jẹ́ kí abọ́ tí ẹ fi jẹun sùn mọ́jú láìfọ̀. Bí ẹ bá ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹ sì fi ìdẹ aáyán díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní í nílò ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ eku wúwo ju ti aáyán lọ. Ibà Lassa tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Borno lónìí, ní ọdún 1969, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé e wọ inú oúnjẹ wa. Kò sì mọ sí Nàìjíríà nìkan. Wọ́n rí i ní Ghana ní ọdún 2011, ó sì tún fara hàn níbẹ̀ ní ọdún 2023. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku nílé tuntun, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi omi tí ẹ po bílíìṣì mọ́ rin ín, kí ẹ tó nù ún kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ihò tó ń gbà wọlé. Ihò tí àtàǹpàkò èèyàn bá lè wọ̀, eku lè gba ibẹ̀ kọjá. Sìmẹ́ńtì àti irin wáyà lẹ ó fi dí i, ẹ má fi aṣọ tàbí bébà dí i. Kí gààrí, ìrẹsì àti àgbàdo wà nínú ohun tó ní ìdérí. Ẹni tó bá kàn da oògùn eku sílẹ̀ láìdí ihò, ńṣe ló ń fi owó ra òkú eku sí orí àjà, àwọn mìíràn yóò sì tún gba ojú ihò kan náà wọlé. Bí ẹ bá ti dí gbogbo ihò, tí ẹ sì ṣì ń gbọ́ ìró wọn lórí àjà lóru, a jẹ́ pé àsìkò tó láti pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Èkejì ni ẹ̀fọn. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ máa ń ní kòtò omi, àgbá àti agolo tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ káàkiri. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí. Oògùn tí wọ́n bá fín sínú yàrá lónìí kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀fọn tó wà nínú omi lẹ́yìnkùlé. Ẹ da omi náà nù, ẹ dí kòtò, ẹ ṣe nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, ẹ sì máa sùn lábẹ́ àpò ẹ̀fọn. Jákèjádò Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn ti mọ́ra pẹ̀lú oògùn tí à ń fín, débi pé wọn kì í tètè kú mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìdun. Èyí kò bìkítà bóyá ilé mọ́ tàbí kò mọ́. Inú ibùsùn àti àga àlòkù ló máa ń bá èèyàn wọlé. Bí ó bá jẹ́ orí ibùsùn kan ṣoṣo ló wà, omi gbígbóná lára aṣọ, oòrùn líle àti fífi ara balẹ̀ yẹ inú igi ibùsùn wò lè ṣẹ́gun rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ilé onílé-púpọ̀ tó wọ́pọ̀ ní Kumasi, níbi tí ìdílé púpọ̀ ti ń gbé yí àgbàlá kan ká, bí ìdun bá ti tàn láti yàrá kan dé èkejì, ọwọ́ ẹnì kan kò ká a mọ́. Ńṣe ni kí gbogbo ayálégbé fìmọ̀ ṣọ̀kan, kí wọ́n pe ẹni tó mọṣẹ́, kí ó ṣe gbogbo yàrá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá ṣe tirẹ̀ tí ẹnì kejì kọ̀, ìdun yóò kàn ṣí lọ sí yàrá kejì ni.

Ó wá ku èyí tó ń jẹ ilé gan-an, ìyẹn ikán. Níhìn-ín ni mo ti ń sọ pé ẹ má ṣe ahun. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti ikán. Kì í pariwo, kì í jáde sí oòrùn, inú igi ló ti ń jẹun, òde igi náà yóò sì máa dán bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Ọbabìnrin rẹ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lóòjọ́. Ilẹ̀ igbó tí òjò ti ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni Kumasi wà, ìlú náà sì ń gbòòrò wọ inú oko kòkó àti oko oúnjẹ àtijọ́. Bí wọ́n bá gé igi oko, tí wọ́n fi kùkùté àti gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì kọ́lé lé e lórí, oúnjẹ ikán ni wọ́n sin sábẹ́ ilé yẹn.

Nítorí náà, bí ẹ kò bá tíì da kọnkéré sí ilẹ̀ ilé, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́, pàápàá bí ọ̀gán bá wà lórí ilẹ̀ náà tàbí nítòsí rẹ̀. Oògùn ikán tí wọ́n bá fi sí ilẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré lé e rọrùn púpọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ ju èyí tí wọ́n yóò wá lu ilẹ̀ ilé fún lẹ́yìn ọdún márùn-ún lọ. Ẹ ní kí wọ́n hú gbogbo kùkùté. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fi pákó tó fi da kọnkéré sílẹ̀ sínú ilẹ̀.

Igi tí ẹ ó lò náà ṣe pàtàkì. Kumasi jẹ́ ojúkò òwò pákó, àwọn oníṣòwò tó wà ní Sokoban Wood Village mọ ìyàtọ̀ igi dáadáa. Èyí tí wọ́n ń pè ní odum ni àwa ń pè ní ìrókò. Ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní wawa ni arère wa. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n ikán a máa jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ àkàrà. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ ni agbára yín ká fún òrùlé, ẹ jẹ́ kí káfíńtà rẹ ẹ́ sínú oògùn igi kó tó kàn án mọ́lé, nítorí fífi búrọ́ọ̀ṣì pa á lára lẹ́yìn tó ti dé òkè kò dé inú rẹ̀.

Bí ilé bá ti parí ńkọ́? Ẹ wo ìdí ògiri bóyá ẹ ó rí ọ̀nà erùpẹ̀ tóóró tó gòkè bí okùn. Ẹ fi ìka kan férémù ilẹ̀kùn àti igi òrùlé, kí ẹ gbọ́ bóyá ìró rẹ̀ ṣófo. Bí ẹ bá rí ọ̀nà erùpẹ̀, ẹ ha díẹ̀ kúrò láàárín rẹ̀, kí ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí wọ́n bá ti tún un mọ, ikán wà láàyè níbẹ̀, ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́. Bó bá sì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì, ẹ kàn máa ṣọ́ ọ ni.

Àwọn kan máa ń páyà nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí èsúnsún kún ilé, tí ìyẹ́ rẹ̀ sì bo ilẹ̀. Òótọ́ ni pé ikán tó hu ìyẹ́ ni èsúnsún. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ láti ìta ló ti wá bá iná, kò túmọ̀ sí pé ikán ń jẹ ilé yín. Ẹ pa iná, ẹ gbá ìyẹ́ dànù. Bó bá jẹ́ láti inú férémù, láti ojú ògiri tàbí láti ilẹ̀ yàrá ló ti ń tú jáde, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Wọ́n ti ń gbé inú ilé náà kí ẹ tó dé.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sàn kí n kúkú fín gbogbo rẹ̀, kí ọkàn mi lè balẹ̀?" Àbúrò, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Májèlé ni ohun tí wọ́n ń fín, ilẹ̀ tí wọ́n sì fín in sí ni ọmọ yín ń rá kòrò lé. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ghana àti ní ilẹ̀ Yorùbá kò lè gbàgbé Gamalin 20. Oògùn kòkòrò gidi ni nígbà náà, ṣùgbọ́n lindane tó wà nínú rẹ̀ wọ inú àwọn oògùn tí àgbáyé fòfin dè ní ọdún 2009. Aldrin, dieldrin àti chlordane tí wọ́n ń fi pa ikán láyé àtijọ́ ti kọ́kọ́ wà nínú àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Stockholm ní ọdún 2001, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2004, nítorí pé wọ́n ń pẹ́ nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ń wọ ara èèyàn àti ẹranko. Ní Nàìjíríà, ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de ike kékeré oògùn dichlorvos, irú èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sniper, nítorí pé àwọn èèyàn ń ṣì í lò, àwọn mìíràn sì ń gbé e mu.

Bó bá wá di dandan kí ẹ pe ẹnì kan, ẹ bi í ní ìbéèrè wọ̀nyí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Kòkòrò wo ló rí, ibo ló sì ti rí i? Kó mú yín lọ síbẹ̀, kó fi hàn yín. Kí lorúkọ oògùn tó fẹ́ lò? Kó jẹ́ kí ẹ ka ìwé ara ike rẹ̀, kó má jẹ́ inú ike omi tí kò lórúkọ ló rọ ọ́ sí. Wákàtí mélòó lẹ gbọ́dọ̀ fi wà níta? Kí ni yóò ṣe sí oúnjẹ, omi àti abọ́ yín? Ihò wo ló yẹ kí ẹ dí kí kòkòrò má bàa padà? Ọjọ́ wo ni yóò padà wá wo iṣẹ́ rẹ̀? Ní Ghana, láti ọdún 1996 ni òfin ti sọ pé ẹni tó bá ń fi oògùn kòkòrò ṣiṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ EPA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo àyíká. Ẹ ní kó mú ìwé náà jáde. Nílé wa níhìn-ín, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ike oògùn. Ẹni tí inú bá bí nítorí pé ẹ béèrè ìwé, ẹ jẹ́ kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ máa lọ.

Bó bá jẹ́ ayálégbé ni yín, ẹ má dá ẹrù yìí gbé. Ikán tó wà lára òrùlé, ilé onílé ló ń jẹ. Ẹ pe onílé wá wò ó kí ẹ tó sanwó ilé, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí ẹni tí yóò tún un ṣe, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Èyí tí ẹ bá dákẹ́ sí lónìí lè di ìjà lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní àríwá ìlà-oòrùn Kumasi, títí dé agbègbè Ejisu, àwọn ilé òrìṣà Asante kan tí wọ́n fi amọ̀ àti igi kọ́ ṣì wà, àjọ UNESCO sì kà wọ́n mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 1980. Òjò ń nà wọ́n, kòkòrò sì ń jẹ igi wọn. Kì í ṣe oògùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló mú kí wọ́n ṣì wà, àtúnṣe ìgbà dé ìgbà ni. Bí ilé amọ̀ bá lè rí ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ilé búlọ́ọ̀kù tí ẹ fi owó yín kọ́ kò gbọdọ̀ ṣàìrí i.

Ẹ yẹ ilé yín wò, ẹ mọ orúkọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹ ṣe èyí tí ọwọ́ yín ká, kí ẹ sì náwó fún èyí tó ju agbára yín lọ. Ilé á tura o, a ó sì máa fi ayọ̀ gbé inú rẹ̀.